Ọgọ́rùn-ún Ọdún Ń Bọ̀, Ẹ Jẹ́ Ká Ti Máa Yọ̀: Ìkíni Láti Navy Town

Ẹ kú oríire o! Ẹ̀yin obìnrin Èkó, ẹ̀yin ìyá tó ń tọ́mọ ní Navy Town, ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́, Ìba àti Òkókómáíkò, ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó ti ọjà ní Àlábà, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin aya sójà àti aya ọmọ ogun ojú omi, ẹ kú oríire. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá ọdún 2027 ni Queen's College yóò pé ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé tí wọ́n ti ṣí i nílùú Èkó. Èmi kò lè dúró dìgbà tí ọjọ́ náà bá kò kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ẹni tó ní ayẹyẹ níwájú, àtìgbà tí wọ́n bá ti ń pín aṣọ ẹbí ni inú rẹ̀ ti máa ń dùn. Ẹ jẹ́ kí tiwa náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé kí ló kan ará Navy Town kan ilé-ẹ̀kọ́ tó wà ní Yábàá. Ó kàn wá gan-an, màá sì dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí mò ń kí. Gómìnà òyìnbó tó fọwọ́ sí ìwé kọ́, ọ́fíìsì ìjọba kankan sì kọ́. Àwọn obìnrin ni mò ń kí: àwọn ìyá àti ọmọge tó kóra jọ, tí wọ́n dá owó, tí wọ́n kọ̀wé sí ìjọba, tí ìjọba fèsì pé àsìkò kò tíì tó, tí wọ́n sì tún jókòó kọ òmíràn.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nígbà náà. Ní 1859 ni ìjọ CMS ṣí ilé-ẹ̀kọ́ girama fún ọmọkùnrin l'Ékòó. Ọdún mẹ́wàá gbáko ló kọjá kí ìjọ kan náà tó ṣí ti ọmọbìnrin, ní 1869. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ṣí tiwọn fún ọmọbìnrin ní 1879. Nígbà tí ìjọba amúnisìn wá dá King's College sílẹ̀ ní 1909, ọmọkùnrin nìkan ló gbà síbẹ̀. Ọmọbìnrin dúró fún ọdún méjìdínlógún gbáko. Ọmọbìnrin tí wọ́n bí lọ́dún tí King's College ṣílẹ̀kùn ti tó ẹni tó ń múra ilé ọkọ kí tirẹ̀ tó dé.

Àwọn obìnrin kò fọwọ́ lẹ́rán ní gbogbo àkókò yìí. Charlotte Ọlájùmọ̀kẹ́ Ọbasá, ọmọ R. B. Blaize, oníṣòwò ńlá nì, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ yọ ìjọba lẹ́nu. Òun ló ṣáájú Lagos Women's League, ẹgbẹ́ tó béèrè pé kí ìjọba kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọbìnrin, kí wọ́n sì gba obìnrin sí iṣẹ́ ọba. Àwọn aláṣẹ kò rò pé àkókò ti tó fún obìnrin láti jókòó sídìí tábìlì akọ̀wé. Ẹ fojú inú wò ó: ìyá tó ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, tó ń kọ ọ́, tó ń darí òwò ara rẹ̀, tí àjèjì sì ń sọ fún un nílùú bàbá rẹ̀ pé àkókò rẹ̀ kò tíì tó.

Ẹni tí mo fẹ́ kí jù lónìí ni Oyínkán Abáyọ̀mí. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 1897 ni wọ́n bí i l'Ékòó. Lọ́yà ni Kítóyè Àjàsá bàbá rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì fi joyè Sir. Kò sí ohun tó wọ́n ọmọ náà: ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin ìjọ Áńgílíkà l'Ékòó, ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọ́ orin ní Royal Academy of Music ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó padà wálé ní 1920, ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní orin. Ní 1923 ló fẹ́ lọ́yà kan, Mọ́ronfólú Abáyọ̀mí. Ìgbéyàwó náà kò ju oṣù díẹ̀ lọ tí wọ́n fi pa ọkọ rẹ̀ ní kóòtù, níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ìyàwó ọ̀ṣìngín di opó, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Bí irú rẹ̀ bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí títí ayé, ta ni yóò bá a wí?

Kò ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ó kó àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó kàwé jọ sínú ẹgbẹ́ kan, British West African Educated Girls' Club, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí Ladies' Progressive Club nígbà tó yá. Ohun tí ẹgbẹ́ náà gbájú mọ́ ni bí wọn yóò ṣe rí owó fi dá ilé-ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ fún ọmọbìnrin. Wọ́n kó £1,000 jọ. Ní àwọn ọdún 1920, owó ńlá lowó yẹn! Ta ló tún máa sọ pé àwọn ará Èkó kò fẹ́ kí ọmọbìnrin kàwé, nígbà tí àwọn ọmọbìnrin fúnra wọn ti kó owó kalẹ̀? Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá ọdún 1927, Queen's College ṣílẹ̀kùn. Òyìnbó ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, ṣùgbọ́n Oyínkán wà láàárín àwọn olùkọ́, kí ọmọ tó bá gbójú sókè nínú kíláàsì lè rí ẹni tó jọ ìyá rẹ̀.

Inú mi dùn láti kọ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn. Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọbìnrin tó ń ka èyí dúró díẹ̀ lórí rẹ̀.

Nítorí ìjà àwọn obìnrin yìí kì í ṣe ti ìwé nìkan, ti àwọ̀ ara wà nínú rẹ̀. Láyé amúnisìn, òyìnbó ni wọ́n fi ipò gíga sílẹ̀ fún nínú iṣẹ́ ọba. Bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó obìnrin òyìnbó wá láti jẹ́ sister lórí àwọn nọ́ọ̀sì. Ìkòyí wà, níbi tí òyìnbó ń gbé, ìgboro Èkó wà, níbi tí àwa ń gbé. Kódà ní 1947, nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan, Ivor Cummings, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Sierra Leone, dé sí Bristol Hotel l'Ékòó, wọ́n ní kò lè sùn níbẹ̀ nítorí pé ó dúdú. Ìlú fárígá, ìwé ìròyìn ń jó bí iná, títí Gómìnà Richards fi pàṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ dópin ní àwọn ibi ìgboro. Bó bá rí báyìí fún ọkùnrin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ rán níṣẹ́, ẹ wo ohun tí ojú obìnrin dúdú ń rí. Wọ́n á ní ó dúdú, wọ́n á tún ní obìnrin ni.

Ìdí nìyẹn tí Oyínkán, tó ti fẹ́ Dókítà Kòfowórọlá Abáyọ̀mí nígbà náà, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú Nigerian Youth Movement, fi pe àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ sílé ní ọjọ́ kẹwàá oṣù karùn-ún ọdún 1944. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá Nigerian Women's Party sílẹ̀. Nínú òfin ẹgbẹ́ wọn, wọ́n ké sí gbogbo obìnrin Nàìjíríà, olówó àti tálákà, pé ipò tí wọ́n wà láàárín obìnrin àgbáyé kò dára tó, kí wọ́n dìde. Wọ́n béèrè ilé-ẹ̀kọ́ girama sí i fún ọmọbìnrin. Wọ́n béèrè kíláàsì mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà fún àgbà obìnrin. Wọ́n ní obìnrin Áfíríkà tó kàwé yẹ fún iṣẹ́ ọba bí obìnrin òyìnbó ṣe yẹ fún un. Wọ́n sì béèrè ìbò.

Lórí ọ̀rọ̀ ìbò yìí, ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ìyá kan tí kò mọ̀wé, tí ọpọlọ rẹ̀ sì jí pépé. Àlímọ́tù Pẹlẹ́wúrà, ìyá ẹlẹ́ja ní ọjà Eréko, ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó. Ní 1940, ìjọba ní obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ti kọjá £50 gbọ́dọ̀ san owó orí. Oṣù kejìlá ọdún náà, àwọn obìnrin pa ọjà tì, wọ́n sì wọ́de lọ bá àwọn aláṣẹ. Ó yé Pẹlẹ́wúrà kedere pé wọn kì í jẹ́ kí obìnrin dìbò, kí ló dé tí wọ́n fẹ́ kó san owó orí? Ìjọba gbé iye náà sókè, owó orí náà kò sì kan ọ̀pọ̀ obìnrin mọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí ọ̀gbẹ́ni Pullen, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn, ń pinnu iye tí wọn yóò máa ta gàrí àti oúnjẹ míràn fún wọn, Pẹlẹ́wúrà àti àwọn èèyàn rẹ̀ tún dúró gbọnin-gbọnin títí ètò náà fi dópin lẹ́yìn ogun.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí ni pé Oyínkán mọ̀ pé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ olówó nìkan kò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe. Láti 1935 ló ti kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn àwọn Nigerian Youth Movement pé kí obìnrin tó rí jájẹ bọ́ sílẹ̀, kó bá àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò ní lọ́wọ́ pọ̀, bí ẹ̀tọ́ obìnrin yóò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀. Atẹdùùrù tó kọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja ni kí wọ́n lọ! Oyínkán àti Pẹlẹ́wúrà kì í ṣe ẹlẹ́sìn kan náà, wọn kò sì jọ wà nínú òṣèlú kan náà, síbẹ̀ wọ́n jọ dojú kọ ìjọba kan náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ní 1950, nígbà tí wọ́n dìbò sí ìgbìmọ̀ ìlú Èkó, obìnrin dìbò. Pẹlẹ́wúrà fojú rí i kó tó kú ní 1951.

Ẹ jẹ́ ká wá ka èrè. Abímbọ́lá Awóliyì jáde ní Queen's College, ó gba oyè dókítà ní Dublin ní 1938, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà. Ẹ kú oríire! Grace Alele-Williams jáde níbẹ̀, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Chicago ní 1963, ní 1985 ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ gíwá yunifásítì ní Nàìjíríà, ní Benin. Ẹ kú oríire! Kòfowórọlá Pratt kì í ṣe ọmọ Queen's College, ilé-ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin CMS ló lọ, ṣùgbọ́n n kò lè fò ó. Ó wù ú láti ṣe nọ́ọ̀sì láti kékeré, bàbá rẹ̀ kò fẹ́, nítorí òyìnbó ni wọ́n ń fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún. Ó ṣe tíṣà. Ìgbà tó bá ọkọ rẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù ló wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas' Hospital ní 1946. Aláìsàn òyìnbó kan níbẹ̀ kọ̀ kí nọ́ọ̀sì dúdú fọwọ́ kan òun. Pratt kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó parí ẹ̀kọ́, ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ ètò ìlera ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ó sì padà wálé. Ní àwọn ọdún 1960, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di matron ní UCH, Ìbàdàn, ipò tó jẹ́ pé òyìnbó nìkan ló ti ń jókòó síbẹ̀. Ẹ bá mi kí i, ẹ kí i dáadáa.

Mo ṣèlérí pé màá dé Navy Town. Mo ti dé.

Ní 1952, Queen's College bí ọmọ. Wọ́n yọ àwọn ọmọbìnrin kan láti Èkó lọ sí Ẹdẹ láti fi wọ́n bẹ̀rẹ̀ Queen's School, ilé-ẹ̀kọ́ tó ṣí lọ sí Ìbàdàn ní 1967. Ọ̀kan nínú àwọn tó jáde níbẹ̀ ni Ìtùnú Hotonu. Ó kọ́ ìmọ̀ ayàwòrán ilé ní Nsukka, ó sì wọ iṣẹ́ ológun ojú omi ní 1985, nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń bi ara wọn pé kí ni obìnrin ń wá nínú ọkọ̀ ogun. Ní 2012, wọ́n fi í joyè Rear Admiral, obìnrin àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Ẹ ti rí okùn náà báyìí, ẹ̀yin ará Navy Town. £1,000 tí àwọn ọmọge Èkó kó jọ ló gba Yábàá kọjá, ó gba Ẹdẹ, ó gba Ìbàdàn, ó sì wọ inú iṣẹ́ tí ẹ fi ń jẹun. Ọmọ ogun ojú omi fúnra wọn mọ bí ọ̀rọ̀ àwọ̀ ṣe ń dunni. Láti 1956 tí wọ́n ti dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, òyìnbó ló ń ṣe olórí, àfìgbà tí Joseph Wey gba ipò náà ní 1964. Ẹni tí wọ́n ti ṣe báyẹn fún rí yẹ kó tètè mọ bó ṣe ń rí lára ọmọbìnrin tí wọ́n bá dí lọ́nà.

Ẹ yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì títì Àgbádárìgì. LASU tí ìjọba Jákańdè dá sílẹ̀ ní 1983 wà níbẹ̀. Ní 1989, obìnrin kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Jadésọlá Akande, agbẹjọ́rò, di gíwá rẹ̀. Ní 2021, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìbíyẹmí Ọlátúnjí-Bello jókòó sí ipò kan náà. Ọmọbìnrin tó ń gun kẹ̀kẹ́ Maruwa láti Ìba lọ sí kíláàsì ní LASU kò tún ní láti béèrè bóyá obìnrin lè ṣe é. Ó ti rí i ní àdúgbò rẹ̀.

Títì náà fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Bí ẹ bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn láti Navy Town, tí ẹ gba Òkókómáíkò kọjá, Àgbádárìgì ni yóò gbé yín dé, níbi tí wọ́n ti kó àwọn èèyàn wa, ọkùnrin àti obìnrin, sọdá lọ sí etí òkun, tí wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ bí ẹrù nítorí owó, tí wọ́n sì fi àwọ̀ wọn ṣe àwáwí lẹ́yìn náà fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Nígbà tí obìnrin Èkó sọ fún gómìnà ní 1944 pé òun náà yẹ, àwíjàre yẹn gan-an ló ń ya lulẹ̀. Lónìí, ojú irin ni wọ́n ń tẹ́ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì yẹn. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń kó èrò láti Marina dé Mile 2, Òkókómáíkò ni yóò sì parí sí. Inú mi máa dùn lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ wa bá fi í lọ síléèwé.

Ìkíni mi kò tíì parí, ó ku àwọn tí ìwé ìtàn kò dárúkọ. Mò ń kí ìyá tó ń ta ẹja yíyan ní ẹnu ọ̀nà bárékè, tí owó WAEC ọmọbìnrin rẹ̀ wà nínú àjọ tó ń dá. Mò ń kí ẹgbẹ́ àwọn aya ọ̀gá ológun ojú omi, NOWA, tó ní ilé-ìwé tí ọmọ ń lọ. Mò ń kí ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí tó ń ra ìwé àti yunifọ́ọ̀mù fún ọmọ tí kì í ṣe tiwọn. Mò ń kí ìyá àgbà tó kọ̀ kí wọ́n yọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní SS 2 láti lọ fi í fọ́kọ. Mò ń kí tíṣà tó ń fi ọjọ́ Sátidé kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní kọ̀ǹpútà láìgba kọ́bọ̀. Ẹ̀yin náà ni Ladies' Progressive Club. Ọmọ ẹgbẹ́ Oyínkán ni yín, bí ẹ kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Oyínkán gbó, ó tọ́. Ó ṣáájú ẹgbẹ́ Girl Guides ní Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó kó ọmọbìnrin lọ sí àgọ́, ó kọ́ wọn ní ìkóra-ẹni-níjàánu àti ìgboyà, kó tó filẹ̀ bora ní oṣù kẹta ọdún 1990, lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Ó rí ọmọ tó kọ́, ó rí ọmọ ọmọ tó kọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká múra. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá ọdún 2027 bọ́ sí, kò sẹ́ni tí yóò sọ pé iṣẹ́ kò jẹ́ kóun wá. Mo fẹ́ kí àwa obìnrin Ọ̀jọ́, Ìba àti Òkókómáíkò dá owó tiwa náà láti ìsinsìnyí, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, bí a ṣe ń dá èésú, kí a fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọbìnrin tí àwọn òbí rẹ̀ kò rọ́wọ́ họrí ní àdúgbò wa. Kí ìyálọ́jà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ aya ọ̀gágun, kí ìyá Mùsùlùmí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ìjọ, kí akápò kọ orúkọ gbogbo wa sínú ìwé kan náà. Ẹni tó bá mọ aṣọ tó dára tí kò sì wọ́n, kó mú un wá ká yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi á dúró ti ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù. Kí àwọn onílù ti máa na awọ ìlù wọn sóòrùn o. A máa jó dé Òkókómáíkò!